Wáyà Mẹ́ta Ló Da Ilé Mi Rú

Bí ẹ bá gba iwájú ilé bàbá mi kọjá ní Ìpótì lówùúrọ̀, ẹ ó rí obìnrin kan tó ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣe é. Èmi nìyẹn. Mo máa ń kí èèyàn, mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo tilẹ̀ máa ń fèsì bí àwọn ará àdúgbò bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìrẹsì mi kì í tán lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n inú mi ti kú. Ọkọ mi wà láyé, ilé bàbá mi ni mò ń gbé. Ọmọ mi wà láyé, ẹlòmíràn ló ń di irun rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo kọ́ wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ilé àyẹ̀wò kankan láti Ìjerò dé Aràmọkọ tó fẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgò ẹ̀jẹ̀ àwọn. Wọ́n ní mo pa ìyá ọkọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ ò ṣì í kà. Mi ò pa á. Mo mọ ohun tó pa á, mo mọ ibi tó gbà wọlé, mo sì mọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ohun tó gbé mi wá sọ́dọ̀ yín ni pé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀ níwájú ẹbí, kí n gba ẹ̀sùn náà mọ́ra, kí n tọrọ àforíjì. Mi ò mọ̀ bóyá kí n lọ.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́. Ní Ìjerò ni mo ti ń ṣe é, ní ilé àyẹ̀wò aládàáni kan tí Alhaja kan dá sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkọ mi, tí mo máa ń pè ní Bàbá Fàrídà nítorí ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni tirẹ̀. Kì í ṣe ti àwọn tó ń tẹ ìwé fún èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé o. Ó mọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá ń sọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ò gbọ́ èdè rẹ̀, ọkọ mi ló máa ń kọ ètò tí yóò jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, tí wọn yóò fi gbọ́ ara wọn yé. Ọmọ Èrìò ni. Òun nìkan ni ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ bí. Obìnrin ni gbogbo àwọn tó kù, Àǹtí Síkírá sì ni àgbà wọn, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Ìyá wọn ńkọ́? Màámi Èrìò ni gbogbo wa ń pè é. Epo pupa ló ń tà, ó sì ti tà á títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Àwọn kan ń sá fún ìyá ọkọ wọn, tèmi ni mo máa ń sá lọ bá. Nígbà tí mo bí Fàrídà, òun ló wá gbé ọ̀dọ̀ wa tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lágbo, tó ń bá mi sọ̀rọ̀ títí oorun á fi gbé mi lọ. Bí mo bá ní kí ó jókòó sinmi, á ní, “Ọmọ mi, ulé mi, ulé rẹ ni. Ulé rẹ, ṣebí ulé mi náà ni? Jẹ́ n ṣe uṣẹ́ mi.” Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó lọ́kọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni èmi yóò pa?

Alhaja ra ẹ̀rọ tuntun kan tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tó ń sọ bí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín èèyàn ṣe rí. Ọkọ mi ni wọ́n pè kí ó wá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Kébù, ìyẹn okùn wáyà tó bá ẹ̀rọ náà wá, nípọn, orí rẹ̀ ní ìdè tí wọ́n ń fi sukurudíráfà yí, wáyà wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kúkúrú ni. Tí a bá gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ nínú yàrá ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ti tán. Alhaja ni kò gbà. Ó ní, “Ta ló máa mọ̀ pé mo ra kọ̀ǹpútà bí ẹ bá gbé e pamọ́ síbi tí ẹ̀jẹ̀ wà? Iwájú ni kí ẹ gbé e sí, kí oníbàárà wọlé kó rí i.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé kọ̀ǹpútà sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà, ẹ̀rọ sì wà lẹ́yìn ògiri. Kébù ò dé ibẹ̀. Èyí tó gùn tó bẹ́ẹ̀, Èkó ni wọn yóò ti ránṣẹ́ rà á. Alhaja ò lè dúró, ọkọ mi náà ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé nǹkan kan borí òun. Ó wá fi wáyà tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ kan tó ṣe ní Ẹ̀fọ̀n ṣe kébù tirẹ̀, ó fi òjé jó o, ó sì mú un gba inú páìpù funfun kan kọjá lẹ́bàá ògiri. Ó mọ́, ó dùn ún wò. Ẹnu Alhaja ò gbà á mọ́.

Nígbà tó délé, mo bi í bó ṣe ṣe é. Ọkọ mi fẹ́ràn kí èèyàn bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n rántí bí ìyá òun ṣe máa ń gba epo. Ọmọbìnrin kan á máa da epo láti inú dúrọ́ọ̀mù, Màámi á di kẹ́ẹ̀gì mú, àrọ á wà lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì. Ó ní ẹ̀rọ Alhaja ló ń da epo, kọ̀ǹpútà ló gbé kẹ́ẹ̀gì, inú kọ̀ǹpútà sì ní àyè kékeré kan tó dà bí àrọ. Ibẹ̀ ni èsì máa ń kọ́kọ́ dúró sí, kí ètò tí òun kọ tó wá kó o lọ síbi tó yẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá ráyè, àrọ ò ní kún. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ mìíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ó ń tẹ ìwé jáde fún oníbàárà, èsì á máa kún àrọ bọ̀. Nígbà náà ló yẹ kí kọ̀ǹpútà ṣe bíi Màámi, kí ó nawọ́ sókè, kí ó ní, “Dúró ná!” Ẹ̀rọ á dúró. Bí àyè bá tún ṣí, á ní, “Ó yá, máa dà á.” Ó ní wáyà kan wà nínú kébù tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ nínà yẹn nìkan ni tirẹ̀, kò bá ti ọ̀rọ̀ sísọ lọ.

Mo wá bi í pé, “Èyí tí ẹ ṣe ńkọ́? Wáyà ọwọ́ nínà wà nínú rẹ̀?” Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní wáyà mẹ́ta péré ló dá òun lójú nínú èyí tí òun rí. Ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ gbígbọ́, ọ̀kan tó so àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ takú, ó ní òun ò ní sọ̀rọ̀ àfi bí ẹnì kan bá fún òun láyè. Ọkọ mi ní òun wá ká wáyà tí ẹ̀rọ fi ń béèrè padà, òun so ó mọ́ wáyà tó yẹ kó ti gbọ́ èsì. Ó ní, “Ó ń bi ara rẹ̀ pé, ‘Ṣé kí n máa dà á?’ Ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn pé, ‘Máa dà á, jàre!’” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo ní ṣé kò ní dani láàmú lọ́jọ́ kan? Ó ní èèyàn mélòó ló ń wá sọ́dọ̀ Alhaja láàárọ̀ kan, tí àrọ yóò fi kún? Mo gbà á gbọ́. Ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò bẹ́, kò já. Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn, ẹkún tí mo ti fi san án padà kò lóǹkà.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Bí a bá tẹ nọ́ńbà tí a fún ẹ̀jẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ náà, yóò fi nọ́ńbà ránṣẹ́ pẹ̀lú èsì. Ṣùgbọ́n títẹ nọ́ńbà ń fi àkókò ṣòfò, Alhaja ní ká pa á tì. Nítorí náà, ètò tí ọkọ mi kọ ń to èsì sí orúkọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ni. Èsì àkọ́kọ́ fún orúkọ àkọ́kọ́, èkejì fún èkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan tó burú nínú ẹ̀. Èmi náà ò rí i, mi ò lè purọ́.

Orúnkún ló ń dun Màámi. Dókítà kan ní Aràmọkọ ní òun ní oògùn tí yóò mú un rọlẹ̀, àmọ́ oògùn náà le, kì í bá kíndìnrín tó ti ń rẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yẹ kíndìnrín Màámi wò. Níbo ni Màámi yóò lọ bí kò ṣe ọ̀dọ̀ mi? Ó wọkọ̀ wá sí Ìjerò, ó gbé epo wá fún mi, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá nínú ilé àyẹ̀wò pé ìyàwó ọmọ òun ni dókítà ibẹ̀. Èmi tí mi ò ṣe dókítà! Ọjọ́ tó wá yẹn ni ẹgbẹ́ àsálátù kan kó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọn wá ṣàyẹ̀wò. Èrò kún títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo gba ẹ̀jẹ̀ láìjókòó. Àárín ni orúkọ Màámi bọ́ sí, nítorí ó ní òun ò fẹ́ gba iwájú ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan ló tẹ̀lé e. Bí ẹ̀rọ ṣe parí iṣẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ kí ó máa fi èsì ránṣẹ́ sí iwájú. Níwájú lọ́hùn-ún, Alhaja ń tẹ ìwé ẹ̀rí owó jáde fún àwọn tó ti sanwó, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, inú rẹ̀ ń dùn.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé èsì kan dín. Ẹni ìkẹyìn kò ní nǹkan kan níwájú orúkọ rẹ̀. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Ó wà lórí ọ̀kadà, ó ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n, afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn rẹ̀ lọ. Ó ní, “Ti ẹni ìkẹyìn ló já bọ́. Tún ti ẹni yẹn ṣe, ó parí.” Mo tún un ṣe. Ó parí lóòótọ́. Mo tẹ ti Màámi jáde, mo kà á, mo sì pariwo ayọ̀ pé, “Màámi, kíndìnrín yín dà bíi ti ọmọ ogún ọdún!” Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi títí tí Alhaja fi ní kí ó ṣàánú àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ti ọmọ ogún ọdún ni lóòótọ́. Ti ọlọ́kadà yẹn ni.

Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn orúnkún. Orúnkún fúyẹ́, ó ń yan kiri Èrìò, ó ń sọ pé èmi ni mo wo òun sàn. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. A ní bóyá oorun ni. Ẹsẹ̀ wú. Oúnjẹ ò dúró nínú rẹ̀ mọ́, ìtọ̀ ò sì jáde. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Adó, dókítà ibẹ̀ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, ó béèrè bóyá wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò rí. Àǹtí Síkírá na ìwé tèmi sí i. Ó wò ó, ó tún un wò, ó ní, “Èsì yìí kì í ṣe ti obìnrin yìí. Kíndìnrín tó rí báyìí, ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́. Ta ló ní kí wọ́n fún un ní oògùn yẹn?” Àǹtí Síkírá yí ojú sí mi. Ohun tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò gbàdúrà kí ọ̀tá mi rí i. Màámi kú ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí.

Wọ́n jẹ́ kí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán. Bí àwọn ààfáà ṣe dìde báyìí, wọ́n pe ẹbí jọ sínú pálọ̀. Àǹtí Síkírá ní ìwé èké ni mo kọ fún ìyá àwọn. Ẹnì kan ní bóyá mo fẹ́ kí ọkọ mi dá jogún ilé. Òmíràn ní kì í ṣe ìkà, àìfarabalẹ̀ ni, àwọn obìnrin òde òní kò ní sùúrù. Gbogbo wọn wo ọkọ mi kí ó sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ń wo ẹní tó jókòó lé. Ó ń fi ìka tọ ìlà ara ẹní náà. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ gbọ́ o, nínú pálọ̀ tí wọ́n ti ń pè mí ní apààyàn, àánú ọkọ mi ló ń ṣe mí!

Ìgbà tí mo padà síbi iṣẹ́ ni mo wá ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ̀rọ yẹn máa ń pa èsì mọ́ sínú ara rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Mo ṣí i wò. Mo rí ti Màámi níbẹ̀, ó burú jáì. Èyí tó tẹ̀lé e ni èyí tí mo tẹ̀ jáde lórúkọ Màámi. Mo wo èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ó ti sún sókè sórí orúkọ ọlọ́kadà. Gbogbo wọn ti sún sókè láti orí Màámi dé ìsàlẹ̀. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Alhaja ń tẹ ìwé, ọwọ́ kọ̀ǹpútà dí, àrọ kún. Kò sí wáyà tí yóò fi nawọ́. Ẹ̀rọ ń bi ara rẹ̀ léèrè, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn, ó ń dà á lọ. Èyí tó dànù ni ti Màámi. Kì í ṣe ti ẹni ìkẹyìn ló já bọ́. Bó ṣe sọ ọ́ lórí fóònù kọ́ ló rí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kọ́ ni pé mo ti bọ́. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, Yéè, Bàbá Fàrídà! Bí ọkùnrin yìí bá gbọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló pa ìyá òun, ṣé yóò yè é? Ọmọ tó jẹ́ pé bí ìyá rẹ̀ bá wúkọ́ ní Èrìò, ó ti wà lójú ọ̀nà. Mo ní kí n gbé e pọ̀n fún un. Mo ní ìbínú ẹbí á rọlẹ̀, wọ́n á gbàgbé, ilé wa á dúró. Èmi náà ṣáà ní ìwọ̀nba ẹ̀bi tèmi, mo lè ṣí ẹ̀rọ wò lọ́jọ́ náà kí n tó tẹ ìwé, mi ò ṣí i. Ìfẹ́ ló fà á, òmùgọ̀ sì ni mí. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ṣùgbọ́n mi ò lè fi àwọn tó kù sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn Màámi lọ́jọ́ náà, mo pè wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún tiwọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní ẹ̀rọ ló ní àléébù díẹ̀. Ọlọ́hun yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó tíì fi ara gbọgbẹ́ nínú wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri Ìjerò pé ẹ̀rọ Alhaja ń purọ́. Alhaja pè mí, ó ní kí n máa lọ, mo ti ba ọjà òun jẹ́. Àwọn ará Èrìò gbọ́ pé wọ́n lé mi, wọ́n ní ẹ ò rí i, òótọ́ ni. Àǹtí Síkírá wá sílé wa lọ́jọ́ kejì, ó wá kó ẹrù Fàrídà. Ó ní, “Ọwọ́ tó pa yèyé wa kò ní tọ́ ọmọ wa.” Mo yíjú sí ọkọ mi. Ó gbé báàgì ilé ìwé ọmọ náà, ó bá wọn gbé e dé inú ọkọ̀. Òun náà wọlé síbẹ̀. Kò padà wá. Bí mo ṣe di ará ilé bàbá mi nìyẹn, lọ́dọ̀ bàbá tó jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tó ń wò mí lójoojúmọ́ bí ìgbà tó ń wo iṣẹ́ ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò ṣe.

Láìpẹ́ yìí ni mo lọ gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ mi tó wà lọ́wọ́ Alhaja. Wọ́n ń kun ilé, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kúrò lára ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sí mi. Mo wò ó. Kébù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Ó nípọn, ó gùn, orí rẹ̀ ní ìdè. Páìpù funfun tó gbà kọjá kò yí padà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kíyè sí i nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní, “Alhaja, ta ló ṣe kébù yìí?” Ó ní, “Ọkọ rẹ ńkọ́? Ó ní ti àkọ́kọ́ ò dáa tó. Kò tilẹ̀ gbowó lọ́wọ́ mi.” Mo ní, “Nígbà wo?” Ó ní, “Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ẹ ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá yín. Mo tún ń ṣàánú rẹ̀ pé òun tó ń ṣọ̀fọ̀ ló rántí iṣẹ́ mi. Kò sọ fún ẹ ni?”

Mo rántí ọjọ́ náà. Ó ní òun ń lọ ra ṣúgà tí a ó pín fún àwọn ààfáà. Ó sì gbé ṣúgà dé lóòótọ́. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo bu omi fún un mu. Nígbà tó fi jókòó sínú pálọ̀ yẹn tó ń fi ìka tọ ìlà ẹní, ó ti mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń pè mí ní apààyàn, ó ti mọ̀. Nígbà tó ń gbé báàgì ọmọ mi, ó ti mọ̀. Èmi ń fi ara mi bo àṣírí rẹ̀ kí ó má baà kú, òun ń fi mí bo àṣírí rẹ̀ kí wọ́n má baà bá a wí. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo máa ń pa òwe yìí fún ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀.

Mo pè é. Mi ò bú u. Mo kàn ní, “Bàbá Fàrídà, mo rí kébù.” Ó wá ní, “Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí àwọn àǹtí mi gbọ́. Ìwọ, wọ́n lè dárí jì ẹ́, ìyàwó ni ọ́, aṣiṣe iṣẹ́ ni wọ́n máa pè é. Èmi, wọn ò ní dárí jì mí láé. Ìwọ ṣì rí ilé bàbá rẹ padà sí. Ibo ni kí n padà sí?” Ó sunkún. Èmi náà sunkún, a jọ sunkún lórí fóònù bí ìgbà tí a ṣì fẹ́ràn ara wa. Ó wá ní òun ti bá wọn sọ ọ́. Kí n wá ní ọjọ́ Àìkú, kí n kúnlẹ̀, kí n gbà pé èmi ni, wọ́n á dárí jì mí, wọ́n á sì jẹ́ kí èmi àti Fàrídà padà sílé. Ó ní kò ní pẹ́ rárá. Ó ní kí n ṣe é nítorí ọmọ.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá sọ òtítọ́, ta ni yóò yé? Ṣé kí n dúró níwájú àwọn ìyá Èrìò kí n ní wáyà kan ló yẹ kó nawọ́ sókè tí kò nawọ́? Wọ́n á ní orí mi ti dàrú. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọkọ mi nìkan ni ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, òun náà ló sì ń bẹ̀ mí kí n pa á mọ́. Bí ó bá sì yé wọn lọ́nà kan ṣá, mo ti pa ọkọ mi láàyè, Fàrídà á di ọmọ ọkùnrin tó pa ìyá ara rẹ̀. Bí mi ò bá lọ, mo ti pàdánù ọmọ. Mo ti rò ó títí, mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé mo máa lọ, mo tilẹ̀ ti mú ìborùn tí mo máa lò jáde. Kí ni ìkúnlẹ̀? Ilẹ̀ kì í ta èèyàn lórúnkún.

Àfi àná tí Fàrídà gba fóònù bàbá rẹ̀, tó pè mí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó ní eyín òun kan ti yọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Màámi, Àǹtí ní lọ́jọ́ Àìkú, ẹ máa wá sọ fún gbogbo wa pé ẹ̀yin lẹ pa Màámi Èrìò. Àǹtí ní èmi náà máa jókòó níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni, Màámi, ṣé ẹ̀yin ni?” Ó ń dúró, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí fóònù. Títí ẹnì kan fi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò tíì dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?